Kí Ẹ Tó Ní Kí Wọ́n Yọ Tamositáàtì Dànù

Láti nǹkan bí oṣù kejì ọdún títí di ìgbà tí òjò bá dúró dáadáa, ẹ ó máa rí wọn létí títì láti Ìgbòho lọ sí Kìṣí, ní Òkè-Ògùn wa níbí: Camry tó kó iṣu kún bùútù títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀, bọ́ńnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, awakọ̀ dúró tòun ti kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́. Bó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ohun tó sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ilẹ̀ tiwa gbóná, ọ̀gá. Àwọn òyìnbó tó ń gbé inú yìnyín ni wọ́n ṣe tamositáàtì fún. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà, bó ti wù kó dùn létí tó. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ó yẹ ká tẹ̀lé ooru láti ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tó ti ń jáde lára ọkọ̀, torí mọ́tò tó bá ń gbóná, ojú kan wà lọ́nà náà tí ooru ti há.

Iná tó ń jó nínú sílíńdà máa ń kọjá 2,000 dìgírì lórí òṣùwọ̀n Celsius. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe hẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò òde òní, 660 dìgírì péré ló ti ń yọ́. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ni pé iná náà kì í pẹ́ kó tó kú, omi sì ń sáré kọjá lẹ́yìn irin náà láìsinmi. Nínú epo tí ẹ bá rà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń yí táyà, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyókù, ooru ni. Apá kan ń bá sálẹ́ńsà jáde, apá tó kù ni omi ní láti gbé kúrò.

Ẹ fiyè sí i pé mo ní "gbé kúrò." Omi kọ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì lára, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wo Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn lọ sóko, kò ní radiétọ̀, kò lo omi kankan. Páànù wẹ́wẹ́ ló yọ yí sílíńdà rẹ̀ ká, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá. Volkswagen Ìjàpá ayé ọjọ́un náà kò lo omi, fáànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ. Nínú mọ́tò tó ń lo omi, ẹ́ńjìnnì kò sí níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè dé gbogbo ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbé ooru náà wá síwájú, sínú radiétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ojú radiétọ̀, ẹ kàn ń bomi kún lásán ni.

Bẹ́líìtì ló ń yí pọ́ńpù omi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Pọ́ńpù a ti omi gba inú bulọ́ọ̀kù àti hẹ́ẹ̀dì, omi gbígbóná a gba họ́ọ̀sì òkè wọ radiétọ̀, á tutù bó ti ń ṣàn kọjá nínú àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, á sì gba họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ padà. Tamositáàtì ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan mọ́tò láàárọ̀, ó pa ojú dé, omi ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì nìkan kó lè tètè gbóná. Bó bá gbóná tó, ó ṣí. Kò sí wáyà lára rẹ̀, kò sí bátìrì. Ìda ni wọ́n dì sínú ife irin kékeré kan. Bí ìda náà bá yọ́, ó wú, ó sì ti ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Bó bá tutù, sípíríìnì á dá a padà.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ wá ìkòkò kékeré tí wọn kò fi se ọbẹ̀ mọ́, ẹ bu omi sí i, ẹ so tamositáàtì mọ́ òwú, kí ó rì sínú omi láìfara kan ìdí ìkòkò, kí ẹ sì gbé e ka iná èédú. Nọ́ḿbà kan sábà máa ń wà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, 82 tàbí 88 dìgírì. Fún ìgbà díẹ̀ ẹ ò ní í rí nǹkan kan. Nígbà tí omi bá ti ń yọ ìfóòfó wẹ́wẹ́ ní ìdí ìkòkò, tí kò tíì hó, ẹ ó rí i tí bàbà àárín rẹ̀ ń rọra yọ sísàlẹ̀, títí àlàfo tí ìka ọwọ́ kékeré fẹ́ẹ̀ lè wọ̀ fi là. Ẹ gbé e kúrò lórí iná, á tún rọra padé. Èyí tí omi hó kùtùkùtù lórí rẹ̀ tí kò ṣí, òun ló yẹ kó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ra òmíràn tó ní irú nọ́ḿbà kan náà, kí ẹ má sì gba èyí tí kò ní nọ́ḿbà lára.

Kí ló wá burú nínú pé kó má sí níbẹ̀ rárá? Lákọ̀ọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, á sì máa fún un ní epo ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ń ráhùn pé Toyota òun ti di ọ̀mutí epo, kó lọ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá tamositáàtì ṣì wà níbẹ̀. Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tamositáàtì ní àwo kejì nísàlẹ̀: bí ìlẹ̀kùn radiétọ̀ bá ń ṣí, àwo yẹn ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi fi ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí títí, apá kan omi gbígbóná á sì máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé radiétọ̀ rárá. Ẹ wá yọ tamositáàtì nítorí ooru, ẹ sì fi kún ooru. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú ẹ lè má mọ̀. Ẹ kó ẹrù gun òkè ní ọ̀sán oṣù kẹta, gééjì á sọ fún yín.

Ohun tí mo rí pé a kì í kà sí ni ìdérí radiétọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdérí ìgò lásán ni. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí rọ́bà àti sípíríìnì nínú rẹ̀, àti nọ́ḿbà lórí rẹ̀: 0.9 tàbí 1.1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti há ìfúnpá mọ́ inú radiétọ̀. Omi tó wà ní gbangba á hó ní 100 dìgírì. Bí ẹ bá fi ìdérí 1.1 há a mọ́, ó di nǹkan bí 120 kó tó hó. Nítorí náà, omi inú mọ́tò tó ń gbóná lè ti kọjá 100 tipẹ́ láìhó. Ẹni tó bá wá tú ìdérí lójú ẹsẹ̀, ó ti tú ìfúnpá yẹn sílẹ̀, gbogbo omi náà á hó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì ru sí i lójú. Àpá iná tó wà lọ́wọ́ àti àyà ọ̀pọ̀ àwọn awakọ̀ wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Rọ́bà ìdérí tó ti gbó náà kò lè há ìfúnpá mọ́: omi á máa hó kó tó yẹ, á máa dà sínú ike ẹ̀gbẹ́, kò sì ní í padà wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Owó kékeré ni ìdérí tuntun, síbẹ̀ mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ radiétọ̀ tó sì dé e ní ìdérí àtijọ́.

Omi wo ni kí á bù sí i? Níbí ni Òkè-Ògùn ti ní ẹjọ́ tirẹ̀. Màbù ni Ìgbẹ́tì fi gbajúmọ̀, omi tó bá sì gba inú irú òkúta bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ẹfun dání. Ẹ yẹ inú kẹ́tùlù ilé yín wò. Bí ohun funfun líle bá ti lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ohun kan náà ni omi kànga yẹn ń kọ́ sínú páìpù radiétọ̀ yín, páìpù náà kò sì fẹ̀ rárá. Omi òjò sàn ju omi kànga lọ, bí ẹ bá jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ páànù ilé kí ẹ tó gbè é. Ṣùgbọ́n omi lásán, bó ti wù kó mọ́ tó, á jẹ irin. Kóolántì ló ní oògùn tí kò jẹ́ kó dípẹtà, ó sì tún ń fa ìgbà tí omi á hó sẹ́yìn. Ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì omi tí kò ní ẹfun ti tó. Omi bátìrì náà dára fún ìdajì omi yẹn, kìkì kí ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n tà fún yín.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀. Eruku pupa, irúgbìn koríko àti kòkòrò á kún àárín páànù radiétọ̀ wẹ́wẹ́, pàápàá níbi tí radiétọ̀ ti fara ti ti ẹ̀rọ amúlétutù. Láti iwájú, ẹ lè wò ó kí ẹ ní ó mọ́. Àárín àwọn méjèèjì ni ìdọ̀tí wà. Láti ẹ̀yìn, níhà ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ ti fi omi tí kò le tì í jáde. Omi ẹ̀rọ àwọn afọmọ́tò le jù, ó ń tẹ páànù náà. Àwọn awakọ̀ kan tún máa ń so ẹrù tàbí tapólì bo iwájú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ fi ń mí.

Ní ti fáànù, Peugeot ti lo fáànù tí mágínẹ́ẹ̀tì ń dè nígbà ooru tó sì ń tú sílẹ̀ nígbà òtútù lára 404, ó sì wà lára 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Iná ló ń yí ti òde òní. Bí rewaya tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe bá ní òun fẹ́ "fà á ní dáírẹ́ẹ̀tì" kó máa yí nígbàkígbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀, kì í pa ẹ́ńjìnnì, fáànù ló máa tètè gbó. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé kó má yí wáyà rẹ̀ padà. Ẹ mú abala ìwé ìròyìn, ẹ gbé e síwájú radiétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí: ó gbọ́dọ̀ fà á mọ́ra. Bó bá ń tì í sẹ́yìn, fáànù ń bá afẹ́fẹ́ títì jà.

Bí gééjì bá gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa amúlétutù, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ amúgbóná inú ọkọ̀ dé òpin. Ní oṣù kẹta, ní Ìgbòho, bẹ́ẹ̀ ni. Radiétọ̀ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá ti iwájú ṣe é. Òógùn yín kò náwó. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ lọ jókòó sábẹ́ igi títí ọwọ́ á fi lè gba họ́ọ̀sì òkè láìjó, kí ẹ tó tú ìdérí. Omi tútù kò gbọ́dọ̀ kan ẹ́ńjìnnì gbígbóná, hẹ́ẹ̀dì lè sán. Ìkìlọ̀ kan tí àwọn awakọ̀ ògbólógbòó pàápàá kì í mọ̀: ooru omi ni gééjì ń wọ̀n. Bí omi bá ti tán pátá, gééjì lè já wálẹ̀ bí ẹni pé ara ọkọ̀ ti yá, nígbà tó jẹ́ pé irin ń jó. Gééjì tó já wálẹ̀ lójijì nígbà tí èéfín ń jáde ní bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa ọkọ̀.

Ẹni tí kò bá dúró ló máa ń ra tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín hẹ́ẹ̀dì àti bulọ́ọ̀kù. Àmì pé ó ti jó kò ṣòro láti mọ̀: omi ń dínkù láìsí ibi tó ń jò, ọ́ọ̀lì ṣe funfun ó sì ki, ìfóòfó ń yọ nínú radiétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá tú hẹ́ẹ̀dì, ẹ má gbà kí wọ́n dá a padà láìfi rúlà irin wọ̀n bóyá ó ti tẹ̀. Àwọn Camry tí a ń pè ní Big Daddy, ti 2002 sí 2006 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, tún ní àrùn tiwọn: tiréèdì bóòtì hẹ́ẹ̀dì ìhà ẹ̀yìn a máa fà yọ nínú bulọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù. Gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta kò lè wo irú èyí sàn; tiréèdì tuntun tí wọ́n fi irin ṣe ni wọ́n ní láti dè síbẹ̀. Bí ẹ bá ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó tan án, ẹ tú ìdérí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí hẹ́ẹ̀dì ti bá bulọ́ọ̀kù pàdé, kí ẹ wò bóyá kóolántì ti gbẹ síbẹ̀, funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá dé tí ẹni tó ń tà á ti fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ fínnífínní, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ló ń fọ̀.