"Wọ́n Ní" àti "Mo Rí I": Títọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Sọ́nà Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Ìtàn Ìlú

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àlàyé bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà nígbà tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí ìtàn ìlú tàbí àdúgbò rẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni èyí, kì í ṣe tiwa. Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, a kì bá jà wọ́n níyàn. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 2009 ni a ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, nígbà tí ìjọba sì ní kí ó padà ní 2018, àwọn ilé-ìwé kan wà tí a mọ̀ tí kò ní olùkọ́ ìtàn kan ṣoṣo mọ́. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n ń kó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Ìdí mìíràn sì tún wà tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá, òun gan-an ni a fẹ́ gùn lé: ibi tí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ti máa ń bàjẹ́ jù lọ, ọ̀rọ̀ èdè ni.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń bó dànù

Bí a bá ní kí ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ kọ "Ìtàn Ìlú Mi", a ti mọ ohun tí a ó gbà. Ọmọ ọba kan yóò kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú adé, ọdẹ ni yóò jẹ́, yóò sinmi lábẹ́ igi kan, orúkọ igi náà ni yóò sì di orúkọ ìlú. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọba yóò tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi já sí báǹkì, ọsibítù àti ilé-ìwé tí ó wà nílùú. A kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ọmọ náà kò wádìí ohunkóhun. Inú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ nígbà ìwúyè ọba kan ni ó ti dà á kọ, tàbí kí ó rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tí ó tilẹ̀ lọ bá àgbàlagbà pàápàá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kó bọ̀. Nígbà tí àgbàlagbà Yorùbá bá ń sọ ìtàn, kì í fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan náà. Ó ń sọ pé "ojú mi ni ó ṣe", "bàbá mi ni ó sọ fún mi", "a gbọ́ pé", "wọ́n ní", "ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ ọ". Wúnrẹ̀n wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Wọ́n ń fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn jìnnà tó kí ó tó dé etí wa, àti bí ẹni tí ó ń sọ ọ́ ṣe fọwọ́ sọ̀yà tó lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí a gbọ́ nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa kan. Bàbá tí ó lọ bá sọ báyìí pé: "Wọ́n ní ẹ̀bá odò yìí ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Èmi ò mọ̀ o. Àmọ́ bí inú bá ń bí ìyá bàbá mi, a máa bú àwọn ará ìsàlẹ̀ pé àlejò ni wọ́n." Nígbà tí ọmọ náà máa kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tí ó kọ ni pé: "Ẹ̀bá odò ni a kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Àlejò ni àwọn ará ìsàlẹ̀." "Wọ́n ní" ti lọ, "èmi ò mọ̀" ti lọ, èébú obìnrin arúgbó tí inú ń bí sì ti di ẹ̀rí pé adúgbò kan kò nílẹ̀. Ìwé tí ọmọdé kọ báyìí lè dé kóòtù lọ́la.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sí ìta, a máa ń lo odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí ẹ̀kọ́ yìí nìkan nínú kíláàsì. A ó ka ọ̀rọ̀ tí àgbà kan sọ sí etígbọ̀ọ́ wọn, wọn ó sì pín in sí ohun tí ó fojú rí, ohun tí ẹni tí ó mọ̀ dárúkọ sọ fún un, àti ohun tí kò mọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ wọn ní ìbéèrè kan tí wọn kò gbọdọ̀ gbàgbé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ó sọ ọ́ fún yín?" Nígbà mìíràn, bàbá náà yóò dáhùn pé inú ìwé ni òun ti kà á. Kò sí àbùkù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà ni ẹlẹ́rìí nígbà náà, kì í ṣe bàbá mọ́. A ti rí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ka àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ mẹ́rin sílẹ̀ tí ohùn wọn ṣọ̀kan, tí ó sì jẹ́ pé ìwé kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kà.

Ìbéèrè tí apá ọmọ ká

Ìtàn odidi ìlú kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè wádìí láàárín sáà méjì. Ìbéèrè kékeré ni kí a fún un. Ta ni ó ni ilẹ̀ tí a kọ́ ilé-ìwé wa sí? Báwo ni àwọn aláró tí ó wà ní agbo-ilé yìí ṣe dáwọ́ dúró? Kí ni ó dé tí a fi ṣí ọjà kúrò níwájú ààfin?

Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan bá wa ṣe, a sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀. Ìyá àgbà rẹ̀, tí ó ń ta aṣọ nígbà náà, sọ pé ọdún tí ọkọ̀ yí ọwọ́ padà ni wọ́n ṣí ọjà. Bàbá kan ládùúgbò sọ pé rárá, ìgbà tí náírà ti dé ni. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1973 ni náírà sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà rí rìsíìtì owó ìsọ̀ kan nínú àpótí ìyá rẹ̀ àgbà. Kòkòrò ti jẹ ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí, ṣùgbọ́n orúkọ ọjà titun wà níbẹ̀, ṣílè àti kọ́bọ̀ àtijọ́ ni wọ́n sì fi tẹ iye owó rẹ̀. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ọjà titun ti wà kí náírà tó dé. A kìlọ̀ fún un pé èyí kò fi hàn pé 1972 gan-an ni. Ó kàn já ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni. Bí ó sì ṣe kọ ọ́ nìyẹn, láìfi kún un.

A tún kìlọ̀ ohun kan fún un. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni ìyá àgbà ti sọ pé ṣílè márùn-ún ni òun ń san, èyí kì bá tí jẹ́ ẹ̀rí kankan. Ó pẹ́ lẹ́yìn 1973 tí àwọn ènìyàn wa ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè kan, tí wọ́n sì ń pe náírà méjì ní pọ́n-ùn kan. Ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu lè sọ ọ́.

Bí a ṣe ń mọ ìgbà

Àwọn àgbà wa kì í sábà pe ọdún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fi dandan bèèrè pé "Ọdún wo ni, Màmá?" yóò gba ọdún, nítorí pé Màmá kò fẹ́ kí ọmọ lọ lọ́wọ́ òfo, ṣùgbọ́n ọdún náà kì yóò ní láárí. Kí ó bèèrè pé: "Ṣé ẹ ti wà nílé ọkọ nígbà náà, Màmá? Ọmọ yín wo ni ẹ pọ̀n?" Kí olùkọ́ sì ti fún un ní àwọn òpó tí yóò so ìdáhùn mọ́: ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, oṣù Kìn-ín-ní 1955, ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, 1956, òmìnira, 1960, Wẹ́tìẹ̀, 1965 sí 1966, ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969. Ẹni tí ó bá ti dàgbà gan-an lè rántí ọjọ́ tí ilẹ̀ ṣú lójú ọ̀sán gangan, ìyẹn ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1947. Kí a ṣọ́ra níbẹ̀, nítorí pé oòrùn tún wọ̀ọ̀kùn ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2006, ọmọdé tí kò béèrè dáadáa lè fi ọ̀kan pe èkejì. Fún ohun tí ó ti ẹnu àwọn òbí wọn wá, àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 jẹ́ òpó tí ó dára. Ọdún yẹn kan náà ni Ẹ̀gbá ja Ogun Àdùbí.

Ìhà méjì ọ̀rọ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó ń lò ó bí ó bá di ọ̀rọ̀ ìtàn. Ogun Kírìjì ni a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Ní Ìbàdàn, ọmọ lè gbọ́ pé ọ̀tẹ̀ ni àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dì; ní Òkèmẹ̀sí, yóò gbọ́ pé ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ fi ń jẹ wọ́n ni ó sú wọn. Ọdún tí ogun náà gbà pàápàá, ìdáhùn kò ṣọ̀kan. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni a sábà máa ń gbọ́. Ẹni tí ó kà á bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1877, nígbà tí Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá kọjú ìjà sí ara wọn, ó sì parí rẹ̀ sí 1893, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun tú ká ní ibùdó wọn. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí yóò bẹ̀rẹ̀ láti 1878. Ẹni tí ó bá sì wo ọjọ́ tí a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà yóò parí rẹ̀ sí ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886. Kò sí èyí tí ó purọ́ nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣe irú àlàyé yìí ti mọ iṣẹ́ ju ẹni tí ó há gbogbo ọdún náà sórí lọ.

Ìwé náà ní ìhà tí ó dúró sí. Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá jẹ́ ìránṣẹ́ àlàáfíà nínú ogun yìí, nítorí náà "mo rí i" pọ̀ nínú ohun tí ó sọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìdílé Ọ̀yọ́ ni, Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ṣe pásítọ̀. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́, Johnson kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ni ó tún un kọ kí ó tó jáde ní 1921. A fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí kí ó tó fi Johnson já àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà kan nírọ́. Kí ó ka ìwé tí S. A. Akíntóyè kọ ní 1971 pẹ̀lú, kí ó lè rí bí ogun kan náà ṣe rí láti ìhà Èkìtìparapọ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè

A ó yára kọjá níbí, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fò ó. Ní ilé-ìwé kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, a fọwọ́ sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó to orúkọ àwọn ọba bí ìdílé kan ṣe tò ó fún un. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ilé-ìwé. Kò pé oṣù kan tí ìdílé ọlọ́ba kejì fi wá pẹ̀lú ìwé lọ́yà. Wọ́n kó ìwé ìròyìn náà nílẹ̀, wọ́n sì pe ọmọ náà síwájú àwọn àgbààgbà kí ó wá tọrọ àforíjì. Ẹkún ni ó sun délé. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé àwa ni a mọ̀ pé ìdílé méjì wà. Láti ìgbà náà, a kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè gbé oyè tàbí ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá yọjú fúnra rẹ̀, kí ó kọ ohùn méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìdílé tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má dá ẹjọ́.

Kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ àti gbígba máàkì

Ohun tí abẹ́nà-ìmọ̀ bá sọ ní ẹ̀ka-èdè rẹ̀ ni kí a kọ bí ó ṣe sọ ọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń tún Èkìtì ṣe di Yorùbá àjùmọ̀lò nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù olùdánwò. Bí ó bá jẹ́ oríkì, ewu náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ tí kò yé ọmọ ni ó ń fi èyí tí ó yé e rọ́pò, ó sì lè jẹ́ inú ọ̀rọ̀ tí kò yé e yẹn ni orúkọ ibi tí ìdílé náà ti ṣí wá wà. Kí ó fi àmì ohùn sí i bí ó ṣe gbọ́ ọ, kí ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kò yé òun.

Ẹ̀yin olùdánwò ẹlẹgbẹ́ wa, ọwọ́ yín ni èyí tí ó kù wà. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń fún iṣẹ́ tí ó gùn, tí èèpo ìwé rẹ̀ ń dán, ní máàkì tí ó pọ̀ jù, dídàkọ ni àwọn ọmọ yóò máa ṣe. A dábàá pé kí ìdajì máàkì wà fún ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà rí ọ̀rọ̀: ta ni ó bá sọ̀rọ̀, níbo, lọ́jọ́ wo, ta ni ó sọ fún onítọ̀hún, kí ni ó ta ko ohun tí ó sọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ pé "n kò rí ẹ̀rí èyí" gba máàkì lórí gbólóhùn yẹn gan-an. A mọ̀ pé yóò le fún ẹni tí ó ní igba ìwé láti yẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá péré, tí ó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìròyìn rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù kí ọdún tí ó ń bọ̀ tó dé.

Sáà kìn-ín-ní ni kí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kí ọmọ lè ráyè padà lọ sọ́dọ̀ àgbà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ìgbà tí ó bá padà lọ ni àgbà sábà máa ń rántí ohun tí ó gbàgbé. Bí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní ilé-ìwé, kí ọmọ náà gbé ẹ̀dà kejì lọ sí agbo-ilé tí ó ti gba ọ̀rọ̀, kí ó kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ó sọ ọ́ fún un, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí ó ti ṣì í gbọ́.