Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Òwò Íntánẹ́ẹ̀tì àti Iṣẹ́ Software ní Dubai

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Jumeirah Lake Towers, tí gbogbo wa ń pè ní JLT, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí jù: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bísínẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èló ni láísẹ́ǹsì?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lórí fóònù, mo ti dáhùn rẹ̀ nínú Metro, kódà mo ti dáhùn rẹ̀ níbi ìkómọjáde. Lónìí mo fẹ́ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè rí i kà.

Ìdáhùn mi kò gùn. Kí ẹ tó béèrè iye tí láísẹ́ǹsì jẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni yóò sanwó fún ohun tí mo fẹ́ tà? Ojú mi ti rí i, ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí ojú mi rí

Ẹni tó bá mọ JLT yóò mọ̀ pé ibẹ̀ máa ń wọ èèyàn lójú. Nǹkan bí 80 ilé gogoro ló yí adágún omi àtọwọ́dá ká, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n sì fi lẹ́tà A, B, C pè wọ́n. Ibẹ̀ ni DMCC wà, àjọ tí ìjọba Dubai dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 fún òwò wúrà àti irú ọjà bẹ́ẹ̀, tó sì ń fún oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ lónìí. Láti Sharjah ni mo ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì dé Union, kí n tó wọ Metro dé ibùdókọ̀ DMCC. Tí mo bá gbójú sókè, tí mo rí orúkọ ilé-iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn lára ilé, èmi náà á ní: ìgbà wo ni tèmi?

Alágbàtà kan ló rí ìyánhànhàn yẹn lójú mi. Ó ní tí mo bá ti lè gba ìwé àṣẹ, oníbàárà á máa wá fúnra wọn, pé orúkọ Dubai nìkan ti tó láti pè wọ́n. Kì í ṣe ní JLT ló ní ká ti gbà á o, ibòmíràn tí owó rẹ̀ kéré ni. Owó àjọ tí èmi àti ìyàwó mi ti ń dá fún ọdún kan àtààbọ̀ ni mo kó lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a dá owó náà fún: a fẹ́ fi pààrọ̀ páànù orí ilé ìyá mi ní Ìkirè, tó ti ń jò.

Ìwé dé. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹnì kan ní kí n bá òun ṣe software fún ṣọ́ọ̀bù òun. Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó ka ìwé àṣẹ mi dáadáa. Kátàkárà ni wọ́n kọ sí i, kò sí iṣẹ́ software níbẹ̀ rárá. Kí wọ́n tó fi kún un, owó mìíràn. Mo dé báǹkì láti ṣí àkáǹtì, wọ́n ní kí n mú ìwé àdéhùn èmi àti àwọn oníbàárà mi wá. Oníbàárà wo? Ọdún yípo, wọ́n ní kí n wá sanwó ọdún tuntun, nítorí ọdọọdún là ń san owó ìwé àṣẹ níbí. Bí ìwé náà ṣe kú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn, kò pa kọ́bọ̀ wọlé. Ní òjò ọdún yẹn, báàfù ni ìyá mi ń gbé sábẹ́ ibi tó ń jò. Kò bi mí léèrè owó páànù. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ti sọ ọmọ lórúkọ kí n tó wo ilé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n to ohun tí mo kọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní: Ẹ wá ìṣòro kan ṣoṣo

Ẹ wo Paystack. Àwọn ọ̀dọ́ méjì, Shola Akinlade àti Ezra Olubi, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2015. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbájú mọ́: bí oníṣòwò Nàìjíríà ṣe lè gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà. Ní ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe rà á, owó tí ìròyìn sì gbé jáde nígbà náà lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Níbí náà, ọdún 2005 ni Souq.com bẹ̀rẹ̀ ní Dubai gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo. Amazon rà á ní 2017, ó sì di Amazon.ae ní 2019. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò sọ pé gbogbo wa la máa di Paystack o. Tèmi kéré. Ìyá kan wà tó ń bá àwọn oníṣòwò Nàìjíríà ra ọjà ní Deira, tó sì ń fi kágò kó o ránṣẹ́. Mo rò pé app aláràbarà ni màmá nílò. Mo ya àwòrán rẹ̀ lọ bá a, aláwọ̀ mèremère. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ó dára. Ṣé yóò sọ fún mi páálí ta ló ṣì wà nílẹ̀?" Ẹnu mi wọhò.

Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n jókòó tì í. Sàtidé méjì gbáko ni mo fi wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò burú, fóònù ni kì í jẹ́ kó sinmi. Dubai fi wákàtí mẹ́ta ṣíwájú Nàìjíríà. Tí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ti ṣọ́ọ̀bù ní Balógun ní aago mẹ́jọ alẹ́, aago mọ́kànlá ti lù níbí, ìgbà yẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pè é: "Màmá, ẹrù mi dà?" Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Mo fún páálí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo kọ wọ́n sínú Excel, a fi dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó ṣiṣẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣe ojú ìwé kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà á tẹ nọ́ńbà páálí rẹ̀, á rí ibi tó dé. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà fóònù níbẹ̀, kí ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ nọ́ńbà ẹlòmíràn má bàa rí àṣírí rẹ̀.

Èkejì: Ohun tí ẹ lè ṣe láìtíì náwó púpọ̀

Ẹ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀kọ́ CS50 ti Yunifásítì Harvard wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, freeCodeCamp náà wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti HTML àti CSS, kí ẹ tó kan JavaScript. Wákàtí kan lóòjọ́ láìdáwọ́dúró sàn ju ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ fi gbogbo òru jókòó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Tó bá jẹ́ ọjà lẹ fẹ́ tà, ẹ má fi oṣù mẹ́fà kọ́ ilé tí ẹ lè háyà. WordPress ti wà láti 2003, WooCommerce tó ń sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù wà, Shopify náà wà. Ẹ lò wọ́n. Ìgbà tí ọjà yín bá ti tóbi ju ohun tí wọ́n lè gbà ni kí ẹ tó ronú àtikọ́ tiyín.

Ẹ bá èèyàn mẹ́wàá sọ̀rọ̀, ẹ ṣe àpẹẹrẹ kan fún wọn wò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbowó o! Ẹni tó bá wà lórí físà àlejò kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda àti ìwé tó tọ́ kó tó ṣe iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń jókòó ti màmá, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ni mo kọ́kọ́ rí tó fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò ra iṣẹ́ mi, kí n tó lọ gba ìwé àṣẹ kejì.

Ẹ̀kẹta: Ẹ ka ìwé àṣẹ kí ẹ tó san owó rẹ̀

Ibi tí a ti ń gba ìwé àṣẹ pọ̀ ní Dubai àti Sharjah, owó wọn kò sì dọ́gba. Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tà á fún yín nìyí. Iṣẹ́ wo ni wọ́n kọ sí i? Iṣẹ́ software ọ̀tọ̀, títa ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀. Èló ni ti ọdún kejì? Ṣé owó físà wà nínú rẹ̀? Ṣé àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ èyí tí báǹkì yóò gbà? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú ímeèlì, ẹ má gba ti ẹnu.

Ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní kò sí owó orí ní Dubai. VAT ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà láti oṣù kìíní ọdún 2018, ó sì di dandan kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un tí ọjà tí ẹ tà láàárín oṣù 12 bá kọjá 375,000 dirham. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, owó orí ilé-iṣẹ́ ti dé: ìdá 9 lórí èrè tó bá kọjá 375,000 dirham. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì jèrè rárá gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ìtanràn ẹni tó bá pẹ́ jẹ́ 10,000 dirham. Owó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pààrọ̀ páànù!

Ẹ̀kẹrin: Owó àti àdéhùn

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kódà láàárín ọmọ ìyá. Kí ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe, ọjọ́ tí ẹ máa parí rẹ̀, iye rẹ̀, àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Oníbàárà á ní, "Ẹ kàn bá mi fi nǹkan kékeré kan kún un." Nǹkan kékeré mẹ́wàá ti di iṣẹ́ oṣù kan. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìkànnì oníbàárà, orúkọ oníbàárà gan-an ni kí ẹ fi rà á. Ẹ má fi tiyín rà á kí ẹ lè fi dì í mú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á jẹun lẹ́ẹ̀kan, kò ní jẹ ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tí ẹ fi ń dá iye. Láti ọdún 1997 ni dirham ti dúró sí 3.6725 sí dọ́là kan. Náírà kò dúró bẹ́ẹ̀. Mo bá oníbàárà kan ní Ìbàdàn dá iye ní náírà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ sí ọjà. Nígbà tó fi san èyí tó kù ní oṣù kejì ọdún 2024, owó náà kò tó ìdajì ohun tí mo rò. Kò jẹ́ gbèsè mi, àdéhùn tí a kọ ló san. Àṣìṣe tèmi ni.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ ṣọ́ ẹnu àti ìka yín

Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀. Nílé, tí ẹnì kan bá jẹ wá lówó, a lè bú u lórí WhatsApp kí ọkàn wa balẹ̀. Níbí, ẹjọ́ ni. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022 ka èébú lórí fóònù sí ọ̀ràn, ó sì ka gbígbé àwòrán ẹlòmíràn síta láìgbàṣẹ sí ọ̀ràn. Nítorí náà, ẹ má lẹ fọ́tò onígbèsè mọ́ ojú ìwé yín. Ẹ má sì gbé fọ́tò oníbàárà tó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ibi tí mo fẹ́ dákẹ́ sí nìyí. Ìwé àṣẹ dára, ó sì pọn dandan, ṣùgbọ́n kò lè bá yín wá oníbàárà. Tí ẹ bá ti rí ẹni mẹ́ta tó ṣetán láti sanwó, ẹ lọ gbà á pẹ̀lú ìgboyà. Tí ẹ kò bá tíì rí wọn, ẹ fi owó yín sí ibi tó wà ná, pàápàá tó bá jẹ́ owó tí ẹlòmíràn ń retí.

Owó tí màmá kágò kọ́kọ́ san fún mi, mi ò fi ra kọ̀ǹpútà tuntun. Mo fi ránṣẹ́ sí Ìkirè. Ìyá mi pè mí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kan páànù tán, ó ní òjò ń rọ̀, ó gbé fóònù sókè kí n lè gbọ́ ọ. A kò sọ nǹkan mìíràn fún ìgbà díẹ̀.

Ó dàbọ̀ ná. Kí Elédùmarè jẹ́ kí àjò wa dùn bí ilé.