Mo Rin Ìsàlẹ̀ Òkun Láti Òkè-Àdó

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ nígbà tí mo gbéra lọ́jà Òkè-Àdó. Jẹnẹrétọ̀ ń hó, fújì ń dún kíkankíkan láti inú sípíkà ṣọ́ọ̀bù kan, àwọn awakọ̀ Micra ń ké "Mọ́lété! Mọ́lété!" N kò wọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ fi wọn 3,450 mítà. Bẹ́ẹ̀ ni òkun ṣe jìn tó níbi tí wọ́n ri awò kan sí, lọ́wọ́ erékùṣù Sicily ní Ítálì. KM3NeT ni wọ́n ń pè é, neutrino ló sì ń ṣọ́. Mo ní bí mo bá tẹ́ ìjìn yẹn sójú títì Ìbàdàn, ó lè yé ẹsẹ̀ mi kí ó tó yé orí mi. Mo tẹ fóònù mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ka mítà.

Neutrino kéré ju àtọ́ọ̀mù lọ fíìfíì, kò sì sí iná mànàmáná lára rẹ̀. Oòrùn ń tú u jáde bí ẹni ń da yanrìn: láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 60 ló ń gba orí èékánná àtàǹpàkò ẹni kọjá. Kì í kanlẹ̀kùn, kì í tọrọ gáfárà. Bí oòrùn bá tilẹ̀ wọ̀ tán, wọn kì í dáwọ́ dúró. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà bọ̀, wọ́n ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Ní 200 mítà, ariwo ọjà ṣì wà létí mi. Nínú òkun, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti ń tán lọ. Ní 1,000 mítà, lọ́nà Mọ́lété, òkùnkùn birimùbirimù ni ìbá jẹ́.

Kí ló gbé awò ojú ọ̀run dé ibi tí ọ̀run ò ti hàn? Ariwo ló sá fún. Oríṣiríṣi ẹ̀rún ló ń rọ̀ lé wa lórí láti òfuurufú tọ̀sán-tòru. Omi tó jìn bẹ́ẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn dúró. Ọgbọ́n yìí ò ṣàjèjì nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1965, nínú ihò góòlù kan nítòsí Johannesburg, tó jìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frederick Reines àti Friedel Sellschop wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí neutrino tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é.

Mo kọjá Bódè. Ní 2,750 mítà, mo wọ inú awò náà. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn okùn rẹ̀ nàró, nǹkan bíi 700 mítà. Gíláàsì róbótó 18 ló wà lára okùn kọ̀ọ̀kan, ojú 31 sì wà nínú gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo àwọn gílóòbù iwájú ṣọ́ọ̀bù: tiwa ń tanná, tòkun ń ṣọ́ná.

Bí neutrino kan bá ṣèèṣì kọlu omi tàbí àpáta, ẹ̀rún kan tí wọ́n ń pè ní muon lè jáde níbẹ̀, kí ó máa sáré ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré nínú omi lọ. Yóò máa fa ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró lẹ́yìn, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń fa ìgbì. Ojú tó kọ́kọ́ rí i àti èyí tó rí i gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà tó gbà wá.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 2023, okùn 21 péré ló ti dúró nígbà tí ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ojú náà rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọdún méjì ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2025: agbára rẹ̀ tó 220 PeV, neutrino tó lágbára jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì rí títí di ìgbà náà.

Ọ̀nà Ọjà'ba, nísàlẹ̀ Màpó, ni 3,450 pé sí. Ìyá ẹlẹ́yìn kan ń palẹ̀ ọjà mọ́. Ẹyìn kan bọ́ lórí orúnkún rẹ̀, ó ró tó nílẹ̀. Nǹkan bí agbára tó wà nínú ìṣubú kékeré yẹn ni neutrino ọjọ́ náà gbé wá, òun nìkan.

Mo bẹ̀rẹ̀ kí n bá a ṣà á.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni."

"Màmá, ẹ jẹ́ n mú un."

Mo nu eruku ara rẹ̀, mo dá a padà sínú abọ́.