Olè tí ń sá lọ: ṣé kí ọlọ́pàá yìnbọn fún un?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1974, Edward Garner, ọmọ ọdún 15, fọ́ ilé kan ní ìlú Memphis, ní Amẹ́ríkà. Ọlọ́pàá kò rí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ náà ti fẹ́ fo ọgbà, ọlọ́pàá yìnbọn fún un, ó kú. Dọ́là 10 àti àpò kan ni ó jí.

Òfin ìpínlẹ̀ náà gba irú ìbọn bẹ́ẹ̀ láàyè. Bàbá ọmọ náà pe ẹjọ́. Ní 1985, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹni tí ń sá lọ, àfi bí ìdí gidi bá wà láti gbà pé onítọ̀hún lè pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe gidigidi.

Adájọ́ ni í fi ìyà jẹ olè, kì í ṣe ìbọn.