ALÙPÙPÙ ILẸ̀ ÍTÁLÌ: ỌBẸ̀ TÍ Ó DÙN, OWÓ NI Ó PA Á

Àwọn àgbà a máa wí pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí inú ìkòkò nìkan. Ó bá aṣọ mu, ó bá ilé mu, ó sì bá ohun tí a fẹ́ sọ lónìí mu jùlọ, èyíinì ni alùpùpù eléré ìje tí àwọn ará Ítálì ń ṣe. Ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú wọn, tí ó pupa rọ̀dọ̀, tí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti agbọ́n, kò ní ṣàì dúró wò ó. Wíwò rẹ̀ kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bíbá a gbé ń náni lówó. Àwọn tí ó ti ní i fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún ní ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á, ẹ̀kọ́ náà ni a sì fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín: owó tí ènìyàn fi ra irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo owó tí yóò ná lé e lórí.

Ilé iṣẹ́ tí ó ti ṣe é ní Ítálì kì í ṣe ọ̀kan. Moto Guzzi ti wà ní Mandello del Lario, létí adágún omi Como, láti ọdún 1921. MV Agusta bẹ̀rẹ̀ ní 1945. Laverda náà ṣe tirẹ̀ ní Breganze. Ṣùgbọ́n Ducati ti ìlú Bologna ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé lára rẹ̀ ni ayọ̀ àti ìyọnu ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jùlọ.

Ní ọdún 1926 ni Antonio Cavalieri Ducati àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, Adriano, Bruno àti Marcello, dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣe alùpùpù ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, bí kò ṣe ohun èlò inú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ní ọdún 1944 ni a sì fi bọ́ǹbù wó ilé iṣẹ́ náà ní Borgo Panigale. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní agbára àtira ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ní. Ní 1946 Ducati bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí a ń so mọ́ ara kẹ̀kẹ́, orúkọ rẹ̀ ni Cucciolo, èyí tí ó túmọ̀ sí ọmọ ajá. Láti ara ọmọ ajá yìí ni gbogbo àwọn ẹranko ńlá tí ó tẹ̀lé e ti jáde wá.

Ẹni tí ó sọ wọ́n di ẹranko ńlá ni Fabio Taglioni, tí ó wọ ilé iṣẹ́ náà ní 1954. Kí a lè mọ ohun tí ó ṣe, ẹ jẹ́ kí a wo inú ẹ́ńjìnnì díẹ̀. Fáàfù ni ìlẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì: ọ̀kan ń jẹ́ kí epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, èkejì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, apá irin kan ni ó ń ti ìlẹ̀kùn náà ṣí, sípíríǹgì ni ó sì ń dá a padà. Bí eré bá wá pọ̀ jù, sípíríǹgì kò ní lè bá a dé mọ́. Ìlẹ̀kùn kò tíì padé tán tí a ó tún ti fẹ́ ṣí i. Taglioni kò gbẹ́kẹ̀ lé sípíríǹgì. Ó fi apá irin kan ṣí fáàfù, ó sì fi òmíràn tì í. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ méjì sí ẹnu ọ̀nà kan, tí ọ̀kan ń ṣí, tí èkejì ń tì, tí kò sì sí èyí tí ó gbọdọ̀ sùn. Ní 1956 ni alùpùpù kékeré tí ó ní irú ẹ́ńjìnnì yìí kọ́kọ́ borí nínú ìje ńlá ilẹ̀ Sweden. Ní 1968 ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á fún ará ìlú.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ méjì, oúnjẹ méjì. Níbi tí mẹkáníìkì yóò ti wọn àlàfo kan lára fáàfù alùpùpù mìíràn, méjì ni yóò wọ̀n lára ti Ducati, ọ̀kan fún ṣíṣí, ọ̀kan fún títì. Wákàtí iṣẹ́ a pọ̀ sí i, owó iṣẹ́ náà a sì pọ̀ sí i. Níbẹ̀ ni a ti rí i pé ohun tí ó mú un borí ní pápá ìje gan-an ni ó ń mú owó jáde nínú àpò ẹni tí ó ni ín.

A kò gbọdọ̀ rò pé àwọn ọ̀gá eléré ìje nìkan ni ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, olóòtú ìwé ìròyìn Cycle ni Cook Neilson, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà ni Phil Schilling. Ẹni tí ń fi gègé jẹun ni àwọn méjèèjì. Wọ́n mú Ducati 750 Super Sport kan, wọ́n tú u, wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe, wọ́n tún un tò, wọn kò sì káàárẹ̀. Ní 1977 Neilson gùn ún ní Daytona, ó sì gba ipò kìíní nínú ìje Superbike. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Mike Hailwood ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 38, tí kò gun ìje TT ní erékùṣù Man mọ́ láti 1967, padà débẹ̀ lórí Ducati, ó sì borí. Ní 1979 ni Ducati bẹ̀rẹ̀ sí ta alùpùpù tí a fi orúkọ Hailwood pè. Ọ̀pọ̀ tí ó rà á kò rí erékùṣù náà rí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ní ìpín nínú ògo náà.

Ní ọdún 1994 ni èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí arẹwà jùlọ jáde, èyíinì ni 916, iṣẹ́ ọwọ́ Massimo Tamburini. Ní ọdún náà gan-an ni Carl Fogarty fi í gba ipò kìíní àgbáyé nínú ìje Superbike. Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ bí àwọn tí ó ń gùn ún ṣe ń ròyìn rẹ̀, nítorí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Wọ́n ní ìjókòó rẹ̀ ga, irin tí a fi ọwọ́ dì mú sì wà nísàlẹ̀, nítorí náà gbogbo ìwọ̀n ara ènìyàn a bọ́ sórí ọrùn ọwọ́. Kí ó tó di ogún ìṣẹ́jú nínú ìgboro, ọrùn ọwọ́ ti ń ro ni, ẹ̀yìn sì ti ń dun ni. Dígí tí ó yẹ kí ó fi ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn han ni, ìgbọ̀nwọ́ ara ẹni ni ó ń fi han ni. Orí rẹ̀ kì í yí púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí i padà ní ojú ọ̀nà tóóró yóò tì í síwájú, yóò fà á sẹ́yìn, bí ẹni tí ń gbé àpótí ìyàwó gba ẹnu ọ̀nà kékeré. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ ìjókòó, tí ó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ ooru, ẹni tí iná ojú pópó bá dá dúró yóò mọ̀ pé orí ààrò ni òun jókòó lé. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì bí ti ọ̀pọ̀ alùpùpù; gbígbẹ ni. Bí a bá fà á, a máa dún wọjawọja bí ìgbà tí ènìyàn ń mi owó ẹyọ nínú igbá. Àlejò a rò pé nǹkan ti bàjẹ́, ẹni tí ó ni ín a kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí ni ó wá dé tí wọn kò tà á? Ẹ tẹ̀ lé wọn jáde kúrò ní Bologna, kí ẹ gun òkè Futa lọ sí ọ̀nà Florence, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ́ bí ejò. Níbẹ̀ ni ẹ̀san wà. Sílíńdà méjì péré ni ẹ́ńjìnnì náà ní, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Agbára rẹ̀ kì í dúró de ariwo ńlá kí ó tó jí. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń fà bí ẹṣin tí ń gòkè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ́nà, ipa tí a bá fi í sí ni yóò tọ̀, kò ní gbọ̀n, kò ní yẹ̀. Ìjókòó tí ó ń dun ni nínú ìgboro a wá di èyí tí ó bá ara mu, nítorí pé irú ọ̀nà yìí ni a ṣe é fún. Síbẹ̀, kí ọlọ́gbọ́n má ṣe gbàgbé pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀. Ohun tí ó lè sáré ju 250 kílómítà lọ ní wákàtí kan kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe fáàrí.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, èyíinì ni ojú ọjà. Ká ní ọkùnrin kan fẹ́ ra 916 tí ẹlòmíràn ti lò. Ó rí méjì. Ti àkọ́kọ́ ti rìn 40,000 kílómítà, àwọ̀ rẹ̀ ti ha níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìwé tí a ń kọ àtúnṣe sí wà, gbogbo ọjọ́ tí mẹkáníìkì fi ọwọ́ kàn án ni ó wà nínú rẹ̀. Èkejì kò rìn ju 5,000 kílómítà lọ. Inú yàrá ni a fi aṣọ bò ó sí fún ọdún mẹ́wàá, ó ń dán bí owó tuntun. Ẹni tí kò mọ̀ yóò na ọwọ́ sí èkejì, àwọn àgbà ìdí alùpùpù yìí yóò sì sọ fún un pé kí ó mú ti àkọ́kọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Láti ìgbà tí Pantah ti jáde ní 1979, bẹ́líìtì rọ́bà ni Ducati fi ń yí ohun tí ń ṣí fáàfù, dípò ọ̀pá irin àti eyín jíà tí ó gba owó púpọ̀ láti ṣe. Rọ́bà kì í ka kílómítà nìkan, ó ń ka ọdún pẹ̀lú. Òfin àwọn alùpùpù ìgbà náà ni pé kí a pààrọ̀ bẹ́líìtì ní ọdún méjì méjì, ì báà jẹ́ pé a kò gùn wọ́n. Bí ó bá já lẹ́nu eré, písítìnì yóò gbá fáàfù tí ó yẹ kí ó ti kúrò lọ́nà, fáàfù yóò tẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì di títú. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí a rò pé a jèrè rẹ̀ nígbà tí a ń ná an yóò ti bọ́ lọ. Bátìrì tí a kò lò a máa kú, epo tí ó pẹ́ nínú ọkọ̀ a máa bàjẹ́, ohun tí ń ṣètò iná fún bátìrì lára àwọn ti ọdún náà sì jẹ́ èyí tí àwọn tí ó ní wọn ń ráhùn pé ó tètè ń jó. Nítorí náà, alùpùpù tí a ń gùn tí a sì ń tọ́jú sàn ju èyí tí a fi ṣe ère lọ.

Ìmọ̀ràn wọn kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, béèrè ìwé àtúnṣe kí o tó béèrè iye owó. Èkejì, bí kò bá sí ìwé, ka bẹ́líìtì sí èyí tí ó ti gbó, kí o sì yọ owó pípààrọ̀ rẹ̀ àti ti yíyẹ fáàfù wò kúrò nínú ohun tí ìwọ yóò san. Ẹ̀kẹta, mọ ilé mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ náà kí o tó mọ ilé ẹni tí ń tà á.

Ẹni tí ó bá fẹ́ adùn Ítálì ṣùgbọ́n tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, Moto Guzzi ni ọ̀pọ̀ máa ń tọ́ka sí fún un, irú bí Le Mans ti 1976. Orí sílíńdà rẹ̀ yọ síta ní ọ̀tún àti òsì bí etí, tí ènìyàn fi lè wọn àlàfo fáàfù rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sì ní ṣéènì tí a ó máa fi ọ́ìlì pa. Bí a bá fún un ní epo lórí ìdúró, gbogbo ara rẹ̀ a fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tí a pè ní orúkọ tí ó sì mi èjìká.

Ayé ti yí sí i láti ìgbà náà. Ní 2012 ni Ducati bọ́ sí ọwọ́ Audi ti Jámánì. Ní ọdún kan náà ni 1199 Panigale bẹ̀rẹ̀ sí rìn láìní bẹ́líìtì mọ́. Ní 2020 ni ilé iṣẹ́ náà gbé ẹ́ńjìnnì kan jáde fún alùpùpù ìrìn àjò, tí ó padà sí sípíríǹgì, tí a kò sì ní yẹ fáàfù rẹ̀ wò títí yóò fi rìn tó 60,000 kílómítà. Inú àwọn kan dùn pé a gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí ń san owó. Àwọn mìíràn ní ọmọ ọ̀dọ̀ Taglioni kò yẹ ní lílé. Àwa kò ní dá sí ìjà wọn.

Ohun tí a mọ̀ ni pé olówó pọ̀ tí alùpùpù wọn kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé àti oníṣọ́ọ̀bù pọ̀ tí tiwọn ń dún kíkankíkan lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn kejì ti ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kí wọ́n tó san owó ọjà. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó bá ra ẹṣin tí kò ní owó koríko, kò tíì ra ẹṣin.