Ẹ̀JẸ̀ TÍ Ń DÀ SÍNÚ Ọ̀PÁ Ẹ̀YÌN: Ewu Jíjábọ́ Láti Orí Ọ̀pẹ

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí igbà bá já, tí ẹni tí ó wà lókè ọ̀pẹ sì jábọ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò bóyá ó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ojú kì í rí: ẹ̀jẹ̀ tí ń dà sínú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Okùn iṣan kan ti inú ọpọlọ wá, ó gba inú ihò ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Òun ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí apá, ẹsẹ̀, àpò ìtọ̀ àti ìfun. Ihò náà há, egungun ni ó sì yí i ká. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà síbẹ̀, kò rí ọ̀nà jáde. Yóò máa fún okùn náà títí yóò fi bàjẹ́.

Ohun tí ń fà á. Jíjábọ́ àti ìjàm̀bá ọkọ̀ wà lára rẹ̀. Ó sì lè ṣe ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, bíi warfarin, láìjábọ́ rárá.

Àmì rẹ̀. Ẹ̀yìn tàbí ọrùn yóò déédéé máa dun ni gidigidi. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ yóò kú tipiri tàbí kí ó rọ. Ìtọ̀ lè há, ìgbẹ́ sì lè máa bọ́ láìmọ̀. Àwọn àmì wọ̀nyí lè má hàn títí wákàtí díẹ̀ yóò fi kọjá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọkàn balẹ̀ nítorí pé ẹni náà ń sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe. Ẹ má ṣe fà á dìde, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Kí ènìyàn mẹ́rin jùmọ̀ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní ọ̀gbọọrọ kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pátákó tàbí ìlẹ̀kùn, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀.

Níbẹ̀, àwọn dókítà yóò ya àwòrán inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fún okùn iṣan, wọn a máa ṣe iṣẹ́ abẹ láti kó o kúrò. Bí a bá tètè ṣe é, pàápàá láàárín wákàtí 12 àkọ́kọ́, ìrètí pé ẹsẹ̀ yóò tún gbé e pọ̀ jù.

Ìmọ̀ràn wa. Ẹ yẹ igbà yín wò fínnífínní kí ẹ tó gun ọ̀pẹ. Èyí tí ó bá ti gbó, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má ṣe gun ọ̀pẹ nígbà tí òjò bá ti mú ara rẹ̀ yọ̀, tàbí lẹ́yìn tí ẹ bá ti mu ẹmu. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pátákó kan nípamọ́, kí wọ́n sì ti bá onímọ́tò kan ṣe àdéhùn ṣáájú. Owó igbà tuntun kéré. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kò ní iye.