Ibi tí awakọ̀ òfurufú tuntun ti ń kó wákàtí jọ

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti fò fún wákàtí 250 lè gba ìwé àṣẹ tí yóò máa fi gbowó lórí wíwa ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n kò tíì lè dé ìdí bàálù elérò. Kí iléeṣẹ́ tó ń kó èrò tó lè gbé e jókòó sí àga igbákejì awakọ̀, wákàtí 1,500 ni òfin ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jáde láti iṣẹ́ ológun lè wọlé pẹ̀lú 750, ẹni tó kàwé gboyè ìwakọ̀ òfurufú ní yunifásítì tí ìjọba fọwọ́ sí lè wọlé pẹ̀lú 1,000. Lẹ́yìn 250 yẹn, àwọn yòókù ni ẹgbẹ̀rún wákàtí ó lé díẹ̀ dúró dè, kò sì sí ọmọ tálákà tó lè fi owó ara rẹ̀ háyà bàálù, kó ra epo sí i, títí yóò fi pé. Àfi kó wá ẹni tí yóò gbé bàálù lé e lọ́wọ́, tí yóò sì tún sanwó fún un.

Òkú ló bí òfin náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, bàálù iléeṣẹ́ Colgan Air kan tó ń ti Newark bọ̀ já lu ilé kan lẹ́bàá Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Gbogbo èèyàn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan tó wà nínú ilé náà sì kú pẹ̀lú. Ìwádìí fi hàn pé eré bàálù náà ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀rọ sì ti kìlọ̀. Dípò kí ọ̀gá awakọ̀ ti ọ̀pá ìdarí síwájú kí eré lè padà, ńṣe ló fà á mọ́ra, ìyẹ́ bàálù kò sì lè gbé e mọ́. Àwọn ẹbí òkú kò jẹ́ kí àwọn aṣòfin sinmi. Wọ́n ṣòfin lọ́dún 2010, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó ni pé àwọn awakọ̀ méjèèjì tó kú nínú ìjàǹbá náà ti kọjá 1,500 fíìfíì. Ọ̀gá ti lé ní 3,000, igbákejì rẹ̀ ti lé ní 2,000. Wákàtí ni òfin rí kà, ó sì kà á. Ohun tó wà nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan kù sọ́wọ́ ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, ìdí nìyẹn tí irú iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ mú fi ṣe pàtàkì ju bó ṣe yára tó lọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó lápá òsì, olùkọ́ lápá ọ̀tún, wákàtí náà á sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ olùkọ́ bíi pé òun gan-an ló ń wà á. Àwọn kan ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yìí, wọ́n ní ìjókòó lásán ni. Ẹ wo olùkọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ balẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ pẹ́dà, ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ẹ̀rọ eré sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ yẹn ṣìṣe débi tí yóò fi kọ́gbọ́n, kó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pẹ́ jù. Lára iṣẹ́ rẹ̀ náà ni pé kó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù eré lókè réré, kó sì kọ́ ọ bí a ṣe ń ti imú bàálù sílẹ̀. Ohun tó bá ọ̀gá awakọ̀ Colgan lójijì lóru, lemọ́lemọ́ ni olùkọ́ ń rí i lọ́sàn-án gangan. Àbùkù iṣẹ́ náà ni pé òjò a máa dá a dúró, owó akẹ́kọ̀ọ́ a máa tán, olùkọ́ tí kò sì ṣọ́ra lè yí pápákọ̀ kan ṣoṣo po fún ọdún méjì.

Ní etíkun Florida àti New Jersey, àwọn kan ń fa aṣọ ìpolówó kiri ojú sánmà. Awakọ̀ á gbéra lófo, pẹ̀lú ìkọ́ irin lẹ́nu okùn. Nílẹ̀, wọ́n ti gbé okùn aṣọ náà kọ́ sórí òpó méjì. Á rọ̀ wá sílẹ̀, á fò kọjá lókè àwọn òpó náà, á sì gbé imú bàálù sókè gan-an kí ìkọ́ lè mú okùn, kí aṣọ lè ká kúrò nílẹ̀ láì wọ́. Imú wà lókè, ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á lẹ́yìn, ilẹ̀ kò sì jìnnà. Ẹni tó bá ṣe é fún sáà kan á mọ bàálù rẹ̀ bí ẹni mọ owó, àmọ́ kò ní rí òru tàbí ìkùukùu níbẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń gbé àwọn onípáráṣúùtù lọ sókè, àwọn tó ń ṣọ́ páìpù epo, àti àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ náà wà. Wákàtí wọn a máa yá pé.

Kì í kúkú ṣe iye àpapọ̀ nìkan ni òfin ń wò. Nínú 1,500 yẹn, 500 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìrìn àjò jíjìn, 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ lóru, 75 fífi ojú ẹ̀rọ nìkan wakọ̀, 50 nínú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì púpọ̀. Mo rò pé ihò tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni kí èèyàn fi yan iṣẹ́. Ẹni tó bá pé 1,200 lè kó ẹrù nínú Cessna Caravan, òun nìkan, lóru, nínú ìkùukùu. Ọ̀pọ̀ kì í dúró débẹ̀ bí iléeṣẹ́ elérò bá ti ń pè wọ́n. Lójú tèmi, ẹni tó bá fara dà á fún ọdún kan ti rí ohun tí yunifásítì kò lè fún un.

Ní Áfíríkà, Maun ní Botswana ni ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ń lọ, láti fi bàálù kékeré gbé arìnrìn-àjò afẹ́ wọ inú irà Okavango. Pápá tí wọ́n ń balẹ̀ sí nínú igbó lè ní erin lórí.

Nàìjíríà kò fi 1,500 dí ọ̀nà igbákejì awakọ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde láti iléèwé ìjọba tó wà ní Zaria láti 1964, àti èyí tó wà ní Ìlọrin, ń jókòó sílé. Iléeṣẹ́ ń bèèrè ìrírí, wọ́n tún ń bèèrè ìwé ẹ̀kọ́ orí irú bàálù tí wọ́n ń lò, èyí tí òbí ń ta ilẹ̀ láti san. Kò sí ẹni tó ń fa aṣọ ìpolówó kiri etíkun Èkó. Àwọn tó ń kọ́ni níwakọ̀ nìkan ló ń rí wákàtí kó jọ nílé, àyè wọn kò sì tó nǹkan.